Ilé Èrò Tí Màmá Kò Rí

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Fúnlọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ̀ ní Richardson, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Ó ti jókòó sínú mọ́tò, kò tíì ṣáná sí i, nígbà tí fóònù dún. Abísóyè ni, ẹ̀gbọ́n Adédọ̀tun, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń pè.

"Ìyàwó wa, ṣé ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni. Ẹ káàsán, mà."

"Màmá ti fi wá sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, má sọ fún Dọ̀tun. Òun nìkan ló ń gbé, orí freeway, títì márosẹ̀ yẹn, ló sì ń wà lójoojúmọ́. Pásítọ̀ yín máa kó àwọn àgbà ìjọ lọ bá a ní Sátidé. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún ọmọ lórí fóònù."

Fúnlọ́lá ní òun ti gbọ́. Bí wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá tirẹ̀ fún un náà nìyẹn, kò sì rí àbùkù nínú rẹ̀. Ó gbórí lé sítíárí, ó sunkún fún obìnrin tí kò fojú kàn rí, tó máa ń pè é ní "ọmọ mi tí mi ò tíì gbá mọ́ra."

Àwòrán kan ló mú òun àti Adédọ̀tun pàdé. Wọ́n ń ta ẹrù ilé ìyá àgbà kan tó ti kú ní Coppell, Fúnlọ́lá sì lọ wá ìkòkò. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó ga, tó dúró síwájú ògiri, tó ká fìlà mọ́ àyà bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán ilé èrò ayé àtijọ́ ló ń wò, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ èrò. Ẹni tó yà á kò kọ́ṣẹ́ náà rárá. Ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin tín-ín-rín bí igi ìṣáná, àwọn èrò ga ju ilẹ̀kùn lọ, gbogbo fèrèsé sì pọ́n bí ọsàn.

"Bí ilé wa ṣe rí gan-an nìyí," ni ọkùnrin náà ń sọ fún ara rẹ̀.

Fúnlọ́lá kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. "Ilé yín? Ṣé àwọn ará ilé yín náà ga ju ilẹ̀kùn lọ báyìí?"

Ó yí padà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n á tẹrí ba wọlé ni. Ìyá mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn síta." Ó wá ṣàlàyé pé etí títì ni ilé àwọn wà, pé bí ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò bá bàjẹ́, ìyá òun á tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀, kò ní gba kọ́bọ̀.

"Ẹ yáa rà á nígbà náà."

"Ṣé wàá bá mi gbé e dé ìdí mọ́tò?"

"Èmi tí mo wá ra ìkòkò?"

"Ra ìkòkò rẹ. Mo mọ ọbẹ̀ sè."

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì àwòrán náà ti fọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ọjọ́ kejì tí Abísóyè pè gan-an ni Adédọ̀tun gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ lójú Fúnlọ́lá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Lọlá mi, bá mi di fóònù yìí mú. Jẹ́ kí n ṣe fídíò ránṣẹ́ sí Màmá."

"Dọ̀tun, ó ti rẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó di Sátidé."

"Kí ló dé? Àbí o ò fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ rí ọ?"

Ó di fóònù mú.

"Màmá, ẹ wá wo ilé èrò òyìnbó! Tiwa ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ wo ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, ẹ̀yin gan-an nìyí, àmọ́ ẹ sanra jù ú lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó gba fóònù, ó dojú rẹ̀ kọ Fúnlọ́lá. "Ó yá, kí Màmá."

"Ẹ kú ilé, mà," ni Fúnlọ́lá wí.

Ní Sátidé, àwọn àgbà wá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Adédọ̀tun nu ojú rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́rú."

"Ká tó ṣe fídíò yẹn?"

Fúnlọ́lá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O jẹ́ kí n máa bá ìyá mi tó ti kú ṣàwàdà, Fúnlọ́lá. Ìwọ lo sì di fóònù mú."

Ó lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sìnkú. Nígbà tó padà, ọ̀dọ̀ Adékọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Little Elm ló kó lọ, kí Fúnlọ́lá má baà bá a nílé. Kò pe Fúnlọ́lá. Àwọn obìnrin ìjọ ń tù ú nínú pé kò ṣẹ̀, pé àṣà wa ni. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó wa mọ́tò lọ bá a. Etí adágún omi tó wà nítòsí ilé Adékọ́lá ló ti rí i.

"Mi ò wá sọ pé wọ́n ní kí n má sọ," ni Fúnlọ́lá wí. "Ẹnu tí mo pa mọ́ ò dùn mí tó ọwọ́ tí mo fi di fóònù yẹn mú. Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀. Ó yẹ kí n sunkún lójú rẹ. Dárí jì mí."

Adédọ̀tun tẹjú mọ́ omi. "Màmá pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó kú. Mo wà ní mítìn. Mo ní màá pè wọ́n padà, mi ò pè. Ẹ̀bi tèmi ni mo dì rù ọ́, Lọlá."

Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, ẹkún tó yẹ kí wọ́n ti jọ sun tipẹ́.

"Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá tún dé," ni Adédọ̀tun wí, "ìwọ ni kó o sọ fún mi. Kì í ṣe àwọn àgbà."

"Màá sọ. Kódà bó o bá wà lórí freeway."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ páàkì ná." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Lọlá, ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

"Ìbéèrè yẹn ni mo wa mọ́tò wá gbọ́."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ìdákẹ́jẹ́ nínú ìjọ wọn, láìsí ariwo. Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù Adédọ̀tun, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí kò wò ó láéláé. Wọn kò pa á rẹ́. Nígbà mìíràn, bí Adédọ̀tun bá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín nínú fídíò náà, Fúnlọ́lá á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà òtútù, yìnyín bo gbogbo Dallas, ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra. Pásítọ̀ pè wọ́n lọ́sàn-án pé ọmọbìnrin kan, Ìbílọlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, há sí pápákọ̀ níbi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn, kò sì mọ ẹnì kankan. Wọ́n rọra wakọ̀ lọ gbé e wá sílé.

"Ẹ má ṣe wàhálà, mà," ni ọmọ náà ń wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo lè sùn lórí àga."

Adédọ̀tun wọ yàrá lọ. Ó ṣí àpótí, ó mú ìró Màmá jáde, àdìrẹ tí Abísóyè fi rán wọn nígbà tí wọ́n pín ẹrù olóògbé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Fúnlọ́lá wò ó lójú. Ó di etí kan mú, ọkọ rẹ̀ di ìkejì, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì fún àlejò.