Ojú Ewé Tí Kíámọ́sá Fò

"Ta ló fi áyọ́ọ̀nù lọ owó yìí?"

Obìnrin kan tó máa ń ra owó àtijọ́ kó jọ ló bèèrè, ohùn rẹ̀ sì le. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nítorí owó bébà àtijọ́ kan ṣoṣo. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ojú rẹ̀ korò.

"Èmi ni," ni télọ̀ dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọmọ-ọmọ mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì lọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń dán?"

Àyà Kíámọ́sá, ọmọ-ọmọ náà, já. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yìí, torí kò sí ohun tí kì í kánjú ṣe.

Ìyàwó télọ̀ tó ti dolóògbé ló fi owó náà àti méjì mìíràn tí kò níye lórí tó o sílẹ̀ nínú agolo bọ́tìnnì. Ojú télọ̀ ti ń ṣú, kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, dókítà sì ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Owó tí obìnrin yìí fẹ́ san ló gbójú lé. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ, ló bá ra ìwé atọ́nà lórí owó bébà àtijọ́, ó ní kí Kíámọ́sá máa kà á sí òun létí lẹ́yìn ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Kíámọ́sá ń gbá bọ́ọ̀lù níta, ariwo wọn sì ń dà á láàmú. Yóò ka ojú ewé kan, yóò fo mẹ́rin. "Ó tán, Bàbá àgbà!" Ibi tí wọ́n kọ iye owó sí nìkan ló kà dáadáa.

Lọ́jọ́ tí télọ̀ bèèrè pé, "Owó yìí mà dọ̀tí o. Kí ni ìwé wí? Ṣé ká fọ̀ ọ́?" bàtà bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ Kíámọ́sá.

"Ìwé ò ní ká má fọ̀ ọ́," ló dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ ṣí i wò.

Obìnrin náà fa irú ìwé kan náà yọ nínú báàgì rẹ̀. "Ojú ewé kejìlá: 'Má ṣe fọ owó àtijọ́, má sì ṣe lọ̀ ọ́. Bó ti wù kó dọ̀tí tó, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.' Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́. Mi ò lè san ju ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí mo fẹ́ san tẹ́lẹ̀ lọ."

Inú bí Kíámọ́sá. Irọ́ ni! Obìnrin yìí fẹ́ gba owó náà lọ́pọ̀ ni! Ó já ìwé tiwọn gbà lórí tábìlì, ó wá ojú ewé kejìlá. Etí ojú ewé náà ṣì lẹ̀ mọ́ ti ìkẹtàlá bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé wá. Kò sẹ́ni tó ṣí i rí.

Kíámọ́sá fà wọ́n ya kúrò lára ara wọn, télọ̀ sì gbọ́ bí bébà náà ṣe ya.

"Ṣé o ka ibẹ̀ fún mi rí?"

"Bàbá àgbà, mo rò pé..."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o rò!" Ó lu tábìlì, bọ́tìnnì fọ́n káàkiri. Kíámọ́sá kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí. "Ká ní o sọ pé ó rẹ̀ ọ́, ǹ bá bẹ ẹlòmíràn. Ká ní o sọ pé o ò tíì kà á, ǹ bá dúró. Ojú rẹ ni mo yá lò, o wá fi purọ́ fún mi!"

Télọ̀ kọ̀ láti ta owó náà ní iye tó sọ, obìnrin náà sì lọ láìra nǹkan kan. Iṣẹ́ abẹ di ọjọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kíámọ́sá ló ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òwú bá wọlé. Ó ti wá mọ̀ pé ìwé atọ́nà tí a kò kà kò lè tọ́ni sọ́nà, àti pé ẹni tí kò tíì ka nǹkan, kó yáa sọ pé òun ò tíì kà á.

Owó méjì yòókù ṣì wà nínú agolo, ìdọ̀tí wọn ṣì wà lára wọn. Lójoojúmọ́, ó ń ka ìwé náà fún télọ̀.

"Ojú ewé mélòó nìyẹn?"

"Ìkẹtàlélógún, Bàbá àgbà."

"Èyí tó ṣáájú ńkọ́?"

"Mo ti kà á."

Télọ̀ na ọwọ́ sí ìwé náà, ó sì fi ìka ka àwọn ojú ewé náà fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.