Irin Náà Ń Fẹ́ Àyè

Táòfíkì ń sẹ́ yanrìn lẹ́yìnkùlé ilé tó ń gbé ní Ìdímù. Ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀: yanrìn náà dúró digbí bí ẹ̀kọ tútù. Ó dára. Ó kì yanrìn náà mọ́ inú àpótí onígi, ó fi púlì onípákó, àwòṣe èyí tó fẹ́ fi irin ṣe, tẹ ojú rẹ̀, ó yọ ọ́, ó sì kọjú sí iná. Sílíńdà gáàsì àtijọ́ tó gé láàbọ̀ ni ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ irun gbẹ, tí onídìrí kan jù nù, ló fi ṣe ẹwìrì. Bó ṣe tan án báyìí, èédú pọ́n yòò, písítìn ọkọ̀ mẹ́rin tó wà nínú ìkòkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òrí nínú oòrùn.

Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì.

"Ta ló ń dáná sun àdúgbò?"

Orí kan yọ lókè ògiri. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ọgbà fi dún, ọmọbìnrin kan sì wọlé: tépù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta lára bùbá, aṣọ ìgbéyàwó funfun kan lọ́wọ́. Eérú ti tò sí aṣọ náà lára bí ara awó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́."

Táòfíkì wo aṣọ, ó wo ojú ẹni tó gbé e wá. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò.

"Màá fọ̀ ọ́," ló sọ.

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú báyìí?"

"Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ju bó ṣe rí lọ."

Ó kúkú fọ̀ ọ́ lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì fi omi gbígbóná ṣàn án. Eérú lọ, ṣùgbọ́n láínì, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, súnkì. Tẹ̀rùtẹ̀rù ló fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, tó ń jẹ́ Fàtíà. Fàtíà yí aṣọ sódì, ó tú ojú rírán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì fa aṣọ tó ká pamọ́ síbẹ̀ jáde.

"Mo ti fi àyè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí, ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Aṣọ tí kò ní àyè, omi ẹ̀ẹ̀kan ló máa dójú ti aránṣọ. Ẹ ti gbọ́, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ?"

"Èmi kọ́ ni alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin. Èmi ń yọ́ ọ ni."

"Ẹ ṣá ń da eérú síni láṣọ."

Láti ọjọ́ náà, ara Fàtíà kò balẹ̀ nídìí maṣínì mọ́. Ó lè rán apá kan tán kó tó rántí apá kejì. Táòfíkì náà, bí ẹwìrì bá ń dún, etí rẹ̀ wà lódìkejì ògiri. "Ẹ̀yin" di "ìwọ". Ó yọ́ irin díẹ̀, ó fi ṣe ìdérí ìka fún un, kí abẹ́rẹ́ má baà gún un mọ́. Fàtíà ò bọ́ ọ, kódà tó bá ń jẹun.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣàíbù, ọmọ onílẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ìlọgi, rí ìdérí ìka náà, ó sì béèrè ẹni tó ṣe é.

"Ta ni ọ̀gá rẹ̀?" ló bi í. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Níbo ló ti ṣe fríídọ̀mù? Fàtíà, ẹni tí ọ̀gá kankan ò gbàdúrà fún, tó kàn ń yọ́ agolo lẹ́yìnkùlé, mi ò lè fọmọ fún un."

Lọ́sẹ̀ kejì ni irin tó jẹ́ ilé fún pọ́ọ̀ǹpù tó ń gbé omi wọ ẹ́ńjìnnì Alhaji, kó má baà gbóná jù, là sí méjì. Wọ́n wá irú rẹ̀ títí dé Ayọ̀bọ̀, kò sí. Ẹ́ńjìnnì náà ju Fàtíà lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ àgbàdo wọn lọ síbòmíràn.

"Bàbá, ẹ fún Táòfíkì."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Kó gbìyànjú. Tó bá bá a mu, a ó jókòó sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá jò, ẹyọ ẹ̀kán omi kan péré, má dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Táòfíkì fi gúlù lẹ èyí tó là náà pọ̀, ó fi tẹ yanrìn, ó yọ ọ́, ó sì da irin yíyọ́ sí ojú rẹ̀. Èyí tó jáde ń dán gbinrin. Ara Táòfíkì kò gbà á kó dúró wọn ohunkóhun. Ó lu ihò rẹ̀, ó sáré gbé e lọ. Níwájú Alhaji, bóòtù kìíní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta dé ẹnu ihò, ó kọ̀. Ìkẹrin ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá ló máa ń kọ́ni nírú èyí," ni Alhaji wí jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dun Táòfíkì jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Fàtíà bá a níbi tó ti ń yí iná tó ti kú po.

"Jókòó, jàre. O ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò."

"Bí ti àtijọ́ ṣe rí ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́! Mi ò yí nǹkan kan padà!"

Fàtíà fa tépù lọ́rùn. Ó wọn ti àtijọ́, ó wọn tuntun, ó tún wọn ọ́n. Tuntun fi bí ìnípọn owó ẹyọ kan kéré. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alágbẹ̀dẹ mi, láínì ni!"

"Láínì wo?"

"Èyí tó o fi omi gbígbóná fọ̀. Ṣé o rò pé aṣọ nìkan ló ń súnkì? Irin tó gbóná báyẹn, tó bá tutù ńkọ́?"

Táòfíkì di orí mú. Púlì àti ọwọ́ ìkòkò ló ti ń ṣe látẹ̀yìn, ohun tí èèyàn lè fi fáìlì rẹ́ títí yóò fi wọlé. Kò sí èyí tó tíì ní láti bá ojú ihò ẹ́ńjìnnì dọ́gba rí.

Wọ́n tú ibi tó là lára ti àtijọ́ náà, wọ́n sì fi páálí há àárín rẹ̀, bí ìgbà tí aránṣọ bá fi àyè sílẹ̀. Wọ́n yọ́ àbẹ́là, wọ́n fi bo ara rẹ̀ yíká, kó lè fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fàtíà ló fi ìka dán an títí ojú rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Táòfíkì dí àwọn ihò pa. Ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni yóò ti sàmì sí wọn lọ́tẹ̀ yìí kó tó lù wọ́n.

Nígbà tó da irin tán, ó di kí wọ́n dúró kó tutù. Táòfíkì dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Fàtíà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tí kò bá wọlé ńkọ́?"

"Wàá tún un yọ́. Ṣé irin sá lọ ni?" Kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi náà ò sá lọ."

Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Alhaji yí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbéra. Bàbá náà tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù, ó ní kí wọ́n lọ abọ́ àgbàdo kan tán. Nígbà tó gbé áńkáṣíìfù náà sókè, ó gbẹ táútáú.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?" ló tún béèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Táòfíkì dọ̀bálẹ̀. "Inú ilé yín ni ọ̀gá mi ń gbé, sà. Tépù wà lọ́rùn rẹ̀."

Alhaji wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀. "Fàtíà, o gba ọmọṣẹ́ láìsọ fún mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ó dáa. Òní ni mo ṣe fríídọ̀mù rẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé Táòfíkì lórí, ó ṣàdúà fún un gígùn, àwọn tó gbé àgbàdo wá sì ń ṣe àmín. "Dìde. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá rí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

Táòfíkì sún mọ́ Fàtíà. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọ̀gá mi, aṣọ yìgì tìrẹ ńkọ́?"

"Láti àná ni mo ti rẹ láínì rẹ̀ sómi."