Etí Aṣọ Kejì

"Di etí tìrẹ mú dáadáa! Ṣé o fẹ́ kí aṣọ àlejò gbálẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan máa ń pariwo mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tí ìyá ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Aṣọ ibùsùn ńlá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ìyá á di etí kan mú, ọmọ á di etí kejì, wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n pàù, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn. Níbi tí ọwọ́ wọn bá ti pàdé, ìyá á wo ọmọ láti òkè délẹ̀, á ní, "O tún ti ga sí i. Kí ni mo ń fún ẹ jẹ gan-an?"

Nígbà tí ọmọ náà wọ yunifásítì, ìyá kan ìṣó kan mọ́ ògiri yàrá ìfọṣọ, ó sì fi etí aṣọ kọ́ ọ. "Ọmọ mi tuntun nìyí," ni ó wí. "Kì í jẹun, kì í bèèrè owó ìwé." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìṣó yẹn ni ọmọbìnrin náà ń rò lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, níbi tó jókòó sí nínú yàrá ìpè yunifásítì. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Owó ọkọ̀ kò jẹ́ kó délé láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ríra, ẹni tó sì ń gbọ́ ohùn tí kò rí ojú, bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò ni.

Tábìlì ni wọ́n tò sínú yàrá náà, pákó pẹlẹbẹ là wọ́n láàárín, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti fóònù kan ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti pe àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀, kí wọ́n kí wọn, kí wọ́n sì tọrọ owó fún àwọn ọmọ tí apá òbí wọn kò ká owó ẹ̀kọ́. Ohùn-Oyin ni wọ́n ń pe ọmọ alágbàfọ̀ níbẹ̀, torí ohùn rẹ̀ tutù létí.

Lọ́dún náà, ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Onídígí gbé ìpèníjà kan kalẹ̀. Bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Dígí fèrèsé ni bàbá fi lówó, ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, àjèjì kan tí kò fojú rí rí ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì gbàgbé.

"Ẹ gbọ́ mi o," ni ọ̀gá yàrá ìpè, obìnrin kan tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, ti wí fún wọn. "Iye yòówù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá dá kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tó lù, ìdílé Onídígí á gbé irú rẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá dé ojú ìlà pupa tó wà lára pátákó yìí, wọn ò ní gbé nǹkan kan lé e."

Ohùn-Oyin wí lọ́kàn pé, bí aṣọ ibùsùn gẹ́lẹ́ nìyí. Ẹnì kan ti di etí kan mú, ó ń retí ẹni tí yóò di ìkejì. Òun alára sì wà lára àwọn tí wọn yóò fi owó náà san owó ẹ̀kọ́ fún. Bí wọn ò bá dé ìlà pupa, ilé yá nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ti ń lọ sópin, ìlà pupa ṣì jìnnà.

"Ohùn nìkan lo ní, o ò ní ìtàn," ni ọmọkùnrin tó jókòó tì í sọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe òun. Òun ló ń rí owó gbà jù nínú gbogbo wọn.

"Ìtàn wo?"

"Ẹkún ni! Owó kì í jáde lápò ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi, bàbá mi ti jóná mọ́lé lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀."

"Bàbá ẹ tó gbé ẹ wá síbí lọ́jọ́ Ajé?"

"Òun náà ni. Ara rẹ̀ le bí òkúta."

Ohùn-Oyin rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sì tẹ nọ́ńbà tó kàn. Bàbá arúgbó kan ló gbé e, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ẹ káàsán, bàbá. Yunifásítì yín ni mo ti ń pè yín."

"Kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Mo ti dá ìwé wọn padà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi!"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Inú Bàbá Awọnlẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ òun pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín, ló bá tú àpò ọ̀rọ̀. Ó ní inú ilé-ìkàwé yunifásítì ni òun ti pàdé ìyàwó òun. "Ibi tí wọ́n ti ní ká dákẹ́, ibẹ̀ gan-an la ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà la ẹnu láti sọ pé wọ́n wà, wọ́n ń kí yín. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìlà pupa.

"Màámi ti kú, sà."

Ẹ̀rín kúrò lóhùn bàbá. "Háà. Ó mà ṣe o. Ìyàwó tèmi náà ti lọ. Gbogbo ilé yìí kàn pa rọ́rọ́ mọ́ mi lórí ni." Ó wá dárúkọ iye tí yóò fún wọn. Owó náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi ní kó tún un sọ. "Orúkọ ìyá rẹ ni kí wọ́n kọ sí i. Kí wọ́n kà á mọ́ ti àwọn olóògbé lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Pe orúkọ rẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà pe orúkọ ìyá rẹ̀ lódindi, tòun ti orúkọ bàbá tó bí ìyá náà.

Wọ́n dé ìlà pupa. Yàrá ìpè hó yèè. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbá a léjìká, ó ní, "O ti gbọ́n!" Ṣùgbọ́n ahọ́n ọmọ náà gbẹ bí ẹni tó lá eérú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe òtẹ́ẹ̀lì. "Alágbàfọ̀?" ni ẹni tó gbé e dáhùn. "Kò wá síṣẹ́ lónìí o." Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìyá rẹ̀ mọ́ òkú? Ní wákàtí yẹn, kì í ṣe owó ẹ̀kọ́ ló ń wù ú mọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń wù ú, ìbáà jẹ́ èébú ni yóò bu.

Ó sọ fún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé òun ń lọ jẹ́wọ́.

"Ṣé orí ẹ pé? Ìrọ̀lẹ́ òní ni gbogbo rẹ̀ máa parí. Dákẹ́ títí ìdílé Onídígí á fi gbé tiwọn lé e!"

"Tí wọ́n bá gbé tiwọn lé e, orí irọ́ mi ni wọ́n gbé e lé," ni ọmọ náà fèsì.

Ọ̀gá yàrá ìpè gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó na fóònù sí i. "Ẹnu tó pa irọ́ náà ni yóò tú u."

Bàbá Awọnlẹ̀ gbé ìpè. Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá bèèrè.

"O ní ó wà láàyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó rí bẹ́ẹ̀. Fóònù wọn kò lọ láti àná."

"Ṣé o mọ ohun tí mò ń retí láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú? Pé kí ẹnì kan pè mí, kó ní, 'Ẹ má bínú, bàbá, irọ́ la pa fún yín, ó wà láàyè.' Gbogbo ìgbà tí fóònù yìí bá dún, ohun tí ọkàn mi kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn. Ìpè náà dé lónìí. Ilé mi kọ́ ló yà sí." Ó wá ní, "Ẹ yọ owó mi kúrò. Nítorí òkú ni mo fi fún yín. Alààyè kì í jogún ara rẹ̀."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó wo ojú ọmọ náà. Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ níbí parí. Orúkọ rẹ kò sì sí lára àwọn tí owó yìí máa kàn lọ́dún yìí. Ẹni tó bá fi irọ́ tọrọ, kò gbọ́dọ̀ bá wọn pín in."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Láti inú yàrá, ó ń gbọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sáré pe ìpè kí aago tó lù. Ó gbọ́ ohùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láàárín wọn: "Rárá, mà. Bàbá mi wà láàyè. Ara rẹ̀ le bí òkúta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń bá tọrọ."

Fóònù rẹ̀ dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

"Ṣé ìwọ lo ń da òtẹ́ẹ̀lì láàmú? Fóònù mi bọ́ sínú omi ọṣẹ lánàá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ni mo wà láti àárọ̀, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Kí ló dé? Kí lò ń sunkún sí?"

"Màámi! Mo fi ẹnu pa yín. Mo ní ẹ ti kú, kí wọ́n lè fún wa lówó."

Ìyá ní, "Ṣé owó náà pọ̀?"

"Ó pọ̀, màámi."

"Ó kéré." Ìyá tún ní, "Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá fẹ́ pa mí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ká aṣọ tó wà nílẹ̀ yìí tán. Máa bọ̀ nílé."

Kí aago mẹ́fà tó lù, ọ̀gá yàrá ìpè yọ orí síta láti sọ fún un. Bàbá Awọnlẹ̀ ti tún pè. Ó ní bí wọ́n bá ń wá òkú, èyí tó jẹ́ òótọ́ wà lọ́dọ̀ òun: kí wọ́n dá owó òun padà sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyàwó òun sí i. Tirẹ̀ àti èyí tí àwọn yòókù rí gbà ti kọjá ìlà pupa. Ìdílé Onídígí di etí kejì mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n san owó ẹ̀kọ́ fún. Ohùn-Oyin kò sí lára wọn.

Ó padà sílé, ó sì fi odindi ọdún kan bá ìyá rẹ̀ fọ aṣọ. Lọ́jọ́ tó dé, ìyá fi ẹ̀mú yọ ìṣó lára ògiri, ó sọ ọ́ sínú agolo. "Lọ sinmi," ó wí fún ìṣó náà. Ó na etí aṣọ sí ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n pàù, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Nígbà tí ọwọ́ wọn kanra, ìyá kò tètè fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ọmọ yìí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí yín, etí aṣọ kan ló dì mú. Òótọ́ yín ni etí kejì. Bí irọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí ẹni náà fà á tó, ilẹ̀ ni aṣọ náà máa já sí. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ óò ṣàárò rẹ̀ lọ́la ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ lónìí.

Lọ́dún kejì, yunifásítì gbà á padà, owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sì kàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ìyá wá ìṣó náà nínú agolo. Kò kàn án sójú ihò àtijọ́. Ó gbé e sókè díẹ̀.

"Torí pé o ti ga sí i," ni ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ojú ọmọ rẹ̀.