Ipò Kìíní Ọlọ́sẹ̀ Kan

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ mí. Yáàdì mẹ́wàá péré ló kù kí n gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà."

Keshon Tolliver ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ létí pápá. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún yunifásítì wọn ní Iowa, yáàdì ni wọ́n sì fi ń wọn ibi tó bá sáré dé. Wọ́n ti na ẹgbẹ́ aláìlágbára tó wá bá wọn díje bí ẹní na bàrà. Ìdíje àṣekẹ́yìn nílé ni, ọjọ́ tí òbí máa ń sin ọmọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, bíi Garrett, wọ pápá.

Garrett Vosberg, ọ̀rẹ́ Keshon, ti dé akoto dúró. Láti ọdún tó ti wọ yunifásítì ló ti ń fi ara gba ìkọlù nígbà ìdánrawò kí Keshon lè já fáfá, kò sì tíì wọ ìdíje kankan rí. Kóòṣì Lindqvist ti ṣèlérí pé òní ni yóò wọlé rọ́pò Keshon.

Kóòṣì wo aago, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Lọ gbà á."

Keshon gbà á. Àwọn èrò hó yèè. Àkókò ìdíje tán. Garrett bọ́ akoto rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ṣì funfun báláú.

Bàbá Garrett, àgbẹ̀ kan tó fi oko sílẹ̀ wá, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Keshon, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Garrett ni mo gbé kámẹ́rà wá yà. Nígbà tí kò wọlé, ìwọ ni mo yà."

Keshon dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà."

"Ẹni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà," Garrett ní, "lọ wẹ̀. Òórùn rẹ náà gba ipò kìíní." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú Keshon.

Fóònù Keshon kò yéé dún fún ìkíni. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n rìnrìn àjò lọ bá ẹgbẹ́ alágbára kan. Wọn kì í mú irú Garrett, tí kì í wọ ìdíje, dání lọ sí ìrìn àjò. Àwọn alágbára náà dá Keshon dúró bí ògiri. Ó já sí ipò karùn-ún.

"Ìdajì yáàdì rẹ," Kóòṣì wí, "ara àwọn ẹgbẹ́ tí a sanwó fún kí wọ́n wá jìyà nílé wa lo ti kó o. Mo mọ̀, mo sì tún fi ọ́ sílẹ̀ nínú pápá. Ìtìjú àwa méjèèjì ni."

Ipò tó bọ́ lọ́wọ́ Keshon kò dùn ún tó àyè tó gbà, tí kò lè dá padà fún Garrett láéláé, nítorí kò sí ìdíje ilé mọ́.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; Garrett ló gbẹ́ èkù Keshon. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nọ́ńbà a máa sọ iye tí ènìyàn kó jọ. Kì í sọ ọwọ́ ẹni tó ti já a gbà.