Aṣọ Funfun Tí Mo Rán Ṣáájú Ọjọ́ Rẹ̀

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ìró àdá lórí títì. Bí wọ́n bá ń wọ́ àdá nílẹ̀, ìró rẹ̀ kì í jọ ti ohun mìíràn. Eyín ló máa ń dun èèyàn, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà nínú ìrẹsì.

"Ku gudu! Ku gudu!" Ẹnìkan ń fi Hausa kígbe pé ká sá.

Gbogbo Hayin Banki, àdúgbò wa ní Kaduna, sì sá. Obìnrin tó ń dín kósáì, ìyẹn àkàrà, lódìkejì títì fi epo gbígbóná sílẹ̀ lórí iná, ó fò kọjá gọ́tà bí ọmọ ogún ọdún. Èmi nìkan ni n kò sá. Kì í ṣe pé mo láyà o, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Orúnkún mi ni kò gbà. Láti ìgbà tí mo ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, bí mo bá fẹ́ dìde lónìí, àná ni mo ti gbọ́dọ̀ fi tó ìdí mi létí.

Àmúdàtù télọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn mìíràn ń pè mí ní Hajiya, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà jù tí mo tíì dé láyé mi ni Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí baba mi. Ọmọ ọmọ mi, Faridah, ló dúró níwájú dígí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, nínú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Ó ń ya àwòrán ara rẹ̀ sórí fóònù. Aṣọ náà mú un bí èèpo ṣe mú ẹ̀wà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Oṣù méjì péré ló ti wọ yunifásítì láti kàwé nọ́ọ̀sì, ìwé ọdún márùn-ún. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá pírámárì, mo rò pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kó abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ ti ń pèsè ìdí mi sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni yóò ti fi kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kankan ò dé. Kẹ́mísírì ló dé, físíìsì ló dé, ó sì tún ń ya àwòrán ìfun ọ̀pọ̀lọ́ lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ.

"Kaka," ó ní láàárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, bí àwọn ọmọ Kaduna ṣe ń pe ìyá àgbà, "ọdún kìíní kò kan aláìsàn rárá. Ìwé ni, ìwé, ìwé. Lọ́dún kejì ni wọ́n máa kọ́ wa ní egungun àti iṣan. Ìgbà tí a bá yege ni wọ́n tó ń fún wa láṣọ, ká tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù."

"Ọdún kejì? Ṣé ìwọ àti Ọlọ́run ti jọ sọ ọ́ pé mo máa wà láyé di ìgbà yẹn? Bọ́ síbí kí n wọ̀n ọ́."

"Kaka, Ọjọ́rú lòní. Kíláàsì ìtọ́jú pàjáwìrì ni wọ́n ní fún wa láàárọ̀ yìí."

"Kíláàsì ò lẹ́sẹ̀, kò lè sá lọ. Gbé apá sókè."

Ó gbé apá sókè. Òun náà fẹ́ ẹ, n kò ní dá gbogbo ẹ̀bi gbé. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò físíìsì kan, inú rẹ̀ ò dùn nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ àdúgbò wa, "Nọ́ọ̀sì! Sannu, Nọ́ọ̀sì!" ni wọ́n ń kí i. Adùn orúkọ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára kí aṣọ tó wọ̀ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí àdá fi dé.

Àwọn sara-suka ni, àwọn géńdé tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ àti àdá ṣọdẹ èèyàn. Ìpín méjì ni wọ́n, bí ogún sí ogún. Àwọn kan ní nítorí bọ́ọ̀lù, àwọn kan ní nítorí ọmọbìnrin. Títí dòní n kò mọ ohun tó fà á. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti pàdé. Òkúta ń fò, ó fọ́ dígí tí Faridah ń wò. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣá lórí, awọ orí rẹ̀ ṣí bí àpò tí okùn rẹ̀ já, síbẹ̀ ó ṣì ń sáré, ẹ̀jẹ̀ dí i lójú, ó ń fi àdá tirẹ̀ ṣá afẹ́fẹ́.

Àárín wàhálà yìí ni Mubashir wa kẹ̀kẹ́ NAPEP rẹ̀ bọ́ sí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi Wúlẹ̀mọ̀tù ni, ilé wọn ló tẹ̀lé tiwa. Wọ́n yí i ká. Wọ́n ní kó bọ́ sílẹ̀ kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. Wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kò jù ú sílẹ̀. Ni ọ̀kan nínú wọn, tó wọ fìlà pupa, bá yọ ọ̀bẹ, ó sì gún un nítan títí ọ̀bẹ fi dúró síbẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Orúnkún tí mo ń bẹ̀ látàárọ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo ju áyọ́ọ̀nù eléèédú yẹn pẹ̀lú gbogbo iná inú rẹ̀. Orí ni mo fojú sùn, èjìká ló bà, ṣùgbọ́n ideri rẹ̀ ṣí, èédú pupa sì dà sí fìlà-pupa lọ́rùn. Igbe tó ké! Ó ń jó, ó ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti jáde pẹ̀lú igi àti irin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n bí ẹni ń pa ẹ̀pà. Àwọn sara-suka fọ́nká gba ọ̀nà Kawo.

Mubashir rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ọ̀bẹ dúró nítan rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni pé itan ẹlòmíràn ni.

"Nọ́ọ̀sì dà?" èrò ń ké. "Ẹ ṣáà pe Nọ́ọ̀sì!"

Gbogbo ojú yí sí aṣọ funfun. Faridah wò mí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ: "Kaka, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

"Yọ ọ́!" mo ní. "Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí bí èèyàn ṣe ń yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ náà ni!"

"Cire shi! Cire shi!" Gbogbo èrò ń fi Hausa pariwo pé kó yọ ọ́.

Faridah di èèkù ọ̀bẹ náà mú, ó pajú dé, ó sì fà á yọ.

Mo ti rí àgbò iléyá tí wọ́n dúńbú, mo sì ti bí ọmọ mẹ́fà, n kì í sá fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n eléyìí ń tú bí ẹ̀rọ omi tí ẹnu rẹ̀ kán. Ó ta sí Faridah lójú, ó ta sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ojú Mubashir funfun. Bẹ́ẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù já wọlé láìbo orí. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ Faridah, ó gbá a létí, ó tún gbá a, ó fi irun rẹ̀ fà á mọ́ ilẹ̀.

"O pa á! O ti pa ọmọ mi! Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Àwọn ọkùnrin méjì tí ọwọ́ wọn ṣì gbóná láti ibi ìjà gbé igi sókè sí ọmọ mi. Mo gbé sísọ́ọ̀sì mi tó tóbi jù.

"Ẹni tó bá gbé igi yẹn sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmọ yìí, ohun tí mo bá gé lára rẹ̀, kò ní lè ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀!"

Wọ́n dúró. Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Faridah: "Kaka, gé aṣọ yìí lára mi! Gé e!"

Búláọ̀sì àti ṣòkòtò rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ki sísọ́ọ̀sì bọ ìṣẹ́tí aṣọ náà, mo gé e gòkè dé ọrùn, aṣọ tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta rán. Ó ká a pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì àti gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé wọn pọ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Mubashir gan-an, aládùúgbò wa kan ló wà á. Faridah ní kí n mú ọ̀bẹ náà dání. Mo fi gèlè mi wé e. Títí a fi dé ọsibítù, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, bí kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ ń jù wá sókè nínú kòtò.

"Gbọ́," mo sọ sí i létí, "bí wọ́n bá bi wá, ọ̀bẹ náà já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó sọnù sójú títì. Bí ilé ìwé bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á lé ọ. Ṣé o gbọ́?"

Ó tún tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní pàjáwìrì, Folúṣadé ni orúkọ tó wà láyà rẹ̀. Ó ga, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ti Mubashir wọlé, ó béèrè pé, "Ta ló yọ ọ̀bẹ?"

"Ó já bọ́—" mo bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni, Mà," Faridah ní. "Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọdún kìíní ni mo wà. Ọ̀bẹ náà wà lọ́wọ́ Kaka. Ẹ wò ó, Mà, ṣóńṣó rẹ̀ ti kán, mi ò sì rí i nílẹ̀."

Sístà Folúṣadé gba ọ̀bẹ náà, ó wò ó, ó sáré wọlé tọ dókítà lọ. Ìgbà tó jáde, ojú rẹ̀ le sí i.

"Ọ̀bẹ tó dá ihò yẹn ló tún dí i. Ohun tó bá gún èèyàn, a kì í yọ ọ́ níta. A ó há a mọ́ ibẹ̀ kó má mì, a ó sì gbé onítọ̀hún wá. Wọn ò kọ́ yín ni?"

"Wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ọjọ́rú, Mà. Mi ò lọ."

Kò sọ ìdí tí kò fi lọ. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyẹn dùn mí ju bí ẹni pé ó nàka sí mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ ohun tí ì bá dáàbò bo itan ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù, ìbàdí ni mo ń wọ̀n.

"Èmi ni mo dá a dúró," mo ní. Ohùn mi kéré. Ẹ bi àwọn ará ilé wa, ohùn mi kì í kéré.

Wọ́n rí ṣóńṣó ọ̀bẹ náà nínú itan Mubashir. Sístà Folúṣadé sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé bí wọ́n bá gba irọ́ mi gbọ́, wọn ì bá rán ọgbẹ́ náà pa mọ́ irin lórí. Mubashir yè. Ṣùgbọ́n iṣan kan ti bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tiro títí dòní.

Ẹnìkan ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, fídíò náà sì dé ilé ìwé Faridah. Wọ́n pe Faridah. Wọ́n ní nítorí òtítọ́ tó sọ ni wọn kò ṣe lé e pátápátá, ṣùgbọ́n kó lọ fi ọdún kan jókòó sílé. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ pọn omi fún Wúlẹ̀mọ̀tù. Wúlẹ̀mọ̀tù da omi náà nù. Ó tún pọn ọ́n lọ́jọ́ kẹta. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Wúlẹ̀mọ̀tù tó sọ pé, "Gbé e síbẹ̀ yẹn," ó sì tó oṣù mẹ́fà kó tó kí èmi.

Faridah padà sí ọdún kìíní, sí kẹ́mísírì, sí físíìsì àti ìfun ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, "Ṣé o ní kíláàsì?" Lọ́jọ́ tó wá bá mi pé àkókò aṣọ funfun ti tó, mo ní, "Ìwé dà?" Ó fún mi ní ìwé tí ilé ìwé kọ. Mo wọ awò, mo kà á fínnífínní, kó tó sọ pé mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà náà ni mo mú téèpù. Ìbàdí rẹ̀ ti fi ínǹṣì méjì lé sí i.

Kẹ̀kẹ́ Mubashir ló gbé wa lọ sí ayẹyẹ tí wọ́n ti máa dé Faridah ní fìlà àwọn nọ́ọ̀sì. Ó tiro yí kẹ̀kẹ́ ká, ó wo Faridah látòkè délẹ̀.

"Kai, Nọ́ọ̀sì! Ṣé mo wá lè lọ gún ara mi báyìí?"

"Bó o bá gún ara rẹ, mi ò ní yọ ọ́," Faridah ní. "Màá dì í mú, màá sì pe ẹni tó mọ̀ jù mí lọ."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kánjú wọ aṣọ iṣẹ́ tí ẹ kò tíì kọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ Mubashir. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ ní sùúrù fún ọdún kìíní, ẹ má pa kíláàsì kan jẹ, bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹnìkan là. Bí ìyá àgbà yín bá sì ní kí ẹ gbé apá sókè lọ́jọ́ ilé ìwé, ẹ sọ fún un pé Àmúdàtù télọ̀ ní kó jókòó.