Ohun Kan Náà La Jọ Ń Jẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyàwó mi yọ rọ́bà kúrò lára sílíńdà gáàsì, ó fi aṣọ bo sítóòfù, ó sì gbé agbọ̀n èso lé e lórí. Ọmọ wa obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"Màámi, ṣé a ò ní se nǹkan kan mọ́ ni?"

"Èmi àti bàbá rẹ ò ní se. Ìwọ ń jẹun nílé ìwé lọ́sàn-án, ìyẹn ò kàn mí. Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, ohun tá a bá jẹ ni wàá bá wa jẹ."

"Kí ni a óò wá máa jẹ?"

"Èso, ewé, ẹ̀fọ́ tútù. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí mílíìkì, kò sí òróró. Iná ò gbọdọ̀ kàn án rárá."

"Bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ nìyẹn," ni ọmọ náà wí, "orí ewúrẹ́ ò sì pé."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àrùn àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyàwó mi fà á fún ọdún méjì. Oògùn oníhóró tí wọ́n fún un ló ń lò láràárọ̀. Ó ti ń wo tọkọtaya kan lórí fóònù fún nǹkan bí oṣù kan, àwọn tí kì í jẹ ohun tí iná bá kàn, tí ọ̀rá kì í sì í pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Àwọn méjèèjì ń dán, wọ́n ń sáré lórí òkè bí ọmọdé. Ìyàwó mi gbé fóònù náà wá bá mi lórí ibùsùn.

"Ṣé ẹ máa bá mi ṣe é?" ló bi mí. "Tí mo bá dá a ṣe, mi ò ní lè fara dà á. Ẹ̀yin ni n óò máa wò."

Mo ní n óò bá a ṣe é. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé, kò sì sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó fa ilà sí orí ìwé pẹlẹbẹ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Apá kan jẹ́ tirẹ̀, apá kejì jẹ́ tèmi. Lálaalẹ́, olúkúlùkù á kọ ohun tó jẹ láti àárọ̀. Bí mo bá kọ tèmi tán, á kà á, á sì fi wé tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń fi apá ẹ̀wù kan wé èkejì kó tó rán an.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa àdéhùn náà mọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gba iṣẹ́ férémù ilẹ̀kùn méjìlá. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí ayùn. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi gbé oúnjẹ rẹ̀ wá jókòó tì mí, ìrẹsì gbígbóná àti ẹran díndín.

"Káfíńtà, wọ́n ní ẹ ti ń jẹ koríko," ló wí. "Ẹ rọra o, kí ẹ má lọ jẹ pákó oníbàárà."

"Fi mí sílẹ̀."

"Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹni tó tọ́ nǹkan wò, ṣé ó jẹun ni?"

Mo tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kejì, mo ra tèmi lọ́wọ́ olóúnjẹ tó wà ní òdì kejì títì. Lálẹ́, mo kọ ọ́ sára ògiri pé mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ àti ìbẹ́pẹ ìlàjì. Ìyàwó mi kà á, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà." Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà kú u."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọmọ wa yà sí ṣọ́ọ̀bù láti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn àwọn pákó, abọ́ wà lórí orúnkún mi. Wẹ́dà dìde, ó ní òun gbàgbé iná sórí irin, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Bàámi," ni ọmọ náà wí. "Ṣé Màámi mọ̀?"

"Iṣẹ́ tèmi yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ. Agbára ni mo fi ń ṣe é."

"Mo ní ṣé wọ́n mọ̀?"

"Tó bá mọ̀, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, á sì fi í sílẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń fi í pamọ́."

Mo mọ̀ pé ebi ń pa òun náà. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ti máa ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn nídìí ìwé lẹ́yìn tó bá ti fi kùkúńbà àti tòmátò ṣe oúnjẹ alẹ́. Mo ti abọ́ náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Jókòó. Ta ló fi kábéèjì yege ìdánwò rí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹran náà. Ó jókòó.

Láti ọjọ́ náà, ó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ bí ilé ìwé bá ti jáde. Bó bá jẹun tán, á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, á yọ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ kó tó máa lọ sílé. N kò kọ́ ọ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ọmọ mi gbọ́n.

Nílé, ara ìyàwó mi fúyẹ́ lóòótọ́. Ó gba ẹ̀wù rẹ̀ wọlé ní ìnṣì mẹ́ta, ó sì yí i wò níwájú wa bí ọmọge. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti wálẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Á fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ títí, kò ní wọ̀ ọ́. Òógùn á bò ó nígbà tí ooru kò mú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan, ó gé apá ẹ̀wù oníbàárà kan kúrú, irú àṣìṣe tí kò ṣe rí láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ṣé kí a dáwọ́ dúró díẹ̀?" ni mo bi í.

"Kí ló dé? Ẹ wo ara yín," ló dá mi lóhùn. "Ohun kan náà la jọ ń jẹ, ẹ sì ń gbé pákó láti àárọ̀ dalẹ́. Ara tèmi ló ń ṣọ̀lẹ. Ó máa mọ́ ọn lára."

Ó lọ sídìí ìwé ara ògiri, ó fi tèmi wé tirẹ̀, ó sì rò pé bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ló pọ̀ jù. Ó dín in kù. Èmi ni òṣùwọ̀n tó ń lò, òṣùwọ̀n náà kì í sì í ṣe òótọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo sì lọ sùn.

Ní Ọjọ́rú kan, mo mú ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ wa tẹ̀ lé wa, torí ilé ìwé ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa kàwé nílé de ìdánwò. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ àgbàlagbà obìnrin, awò ojú rẹ̀ sọ̀ sí imú. Ó bi ìyàwó mi ní ohun tó ń jẹ, ìyẹn sì kà á fún un.

"Ṣé oògùn yín náà ni ẹ ṣì ń lò bó ṣe wà?"

"Bó ṣe wà."

"Oúnjẹ yìí kéré sí oògùn yẹn, màmá. Ẹ jókòó de dókítà lónìí."

Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn dúró fara ti ògiri. Ìyàwó mi mi orí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi rèé, ohun kan náà la jọ ń jẹ. Ẹ wò ó."

Nọ́ọ̀sì gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ó wo ọrùn mi, ó wo apá mi. "Ṣé lóòótọ́ ni, bàbá?"

Ọmọ mi la ẹnu. Mo yíjú sí i, mo sì wò ó bí bàbá ti ń wo ọmọ tó fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú àlejò. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ohun kan náà ni."

"Ó dáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bóyá ara wọn ló ń yí padà. Ẹ padà wá ní ọjọ́ Ajé, èrò kì í pọ̀ báyìí."

Bí a ti ń lọ sílé, ọmọ náà ń rìn lẹ́yìn wa. Ìyá rẹ̀ wẹ̀yìn, ó ní, "Kí ló dé tó o ń wọ́ ẹsẹ̀ bí arúgbó?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

Ọjọ́ Ajé náà kò bá a lórí ìdúró. Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin kan wá gba aṣọ rẹ̀, ó sì bá ìyàwó mi tó forí lé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rò pé oorun ló ń sùn. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi nígbà tí wọ́n sáré wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi wá ní ohun tó ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Èmi àti òun, ohun kan náà..."

"Irọ́ ni," ni ọmọ mi wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Màámi nìkan ló ń jẹ ẹ́. Bàámi ń jẹ ìrẹsì àti ẹran ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà ń bá wọn jẹ ìrẹsì náà. Màámi ń lo oògùn wọn láràárọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ ìbẹ́pẹ díẹ̀."

Dókítà kò wo ojú mi. Ó yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe, wọ́n sì ṣe é kíákíá. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí i. "Ká ní a ti dín oògùn yẹn kù ní Ọjọ́rú," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Ìyàwó mi kò la ojú. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àwọn ẹbí dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, di ọwọ́ mi mú nínú pálọ̀ níṣojú gbogbo wọn. "Ọkọ bíi tiyín ṣọ̀wọ́n," ló wí. "Mélòó nínú wọn ló lè bá ìyàwó jẹ ewé? Àbúrò mi máa ń ròyìn yín fún mi." Mo tẹ orí ba. Ọjọ́ méjì ni mo fi gba ìyìn yẹn lọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn, n kò dá ẹnì kan dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ mi, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Èmi ni mo pa Màámi, Àǹtí. Mo mọ nǹkan kan, mi ò sọ ọ́ títí ó fi pẹ́ jù."

"Kí lo mọ̀?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

Àǹtí rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò sọ. Ìyá rẹ̀ ti wọ ilẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń bá mi gbé irọ́ mi. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ìrẹsì, ìwé ara ògiri, ohun tí mo sọ fún ọmọ náà, bí mo ṣe wò ó níwájú nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbọ́ ọ dé òpin. "Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi yín, kí lẹ sọ?"

"Mo ní ohun kan náà la jọ ń jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó fẹnu ko ọmọ náà lórí, ó sì jáde. Láti ìgbà náà, ó ń pe ọmọ mi lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kì í béèrè mi. N kò dá a lẹ́bi.

Ọmọ mi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó kọ iṣẹ́ méjì, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Yóò tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí a jókòó sídìí oúnjẹ, mo tún sọ fún un pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé èmi ni mo ni ẹ̀bi náà látòkè délẹ̀. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàámi, ẹ má gba tèmi lọ́wọ́ mi. Tiyín ló pọ̀ jù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, mo sì pa á dé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bá mi pa á dé. Mo fẹ́ máa rántí rẹ̀, kí n má baà pa á dé mọ́."

A jẹun tán, ó kó abọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, n kò sọ pé èso burú, tàbí pé kí ẹnikẹ́ni má yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀, ìyẹn ni ti oúnjẹ. Ti irọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Irọ́ tí mo pa kò tóbi lójú mi. Mo ní nítorí ìyàwó mi ni mo ṣe ń pa á, ohun tó sì lè gbà á là gan-an ni mo fi irọ́ náà bò mọ́lẹ̀. Bí àgbà bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé yín lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá tó bí yín, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Àwọn kan yóò pè é ní àfojúdi. Ì bá wù mí kí ọmọ mi ti ṣe àfojúdi sí mi ní Ọjọ́rú yẹn.

Ṣùgbọ́n n kò lè di ẹ̀bi náà rù ú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni.