Ọwọ́ Tó Ń Hun Afẹ́fẹ́

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni Mọ́nsúrù kọ́kọ́ rí. Ọ̀tún ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ, òsì ń gbà á, ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé bí ìgbà tí ọ̀gá ahunṣọ bá jókòó sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfì kò sí níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ àti òwú kò sì sí. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àjàgbọn lọ́sàn-án gangan, ó la ojú sílẹ̀, ó ń hun afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà wà. Ó dúró ti ìkòkò omi eérú tó ń hó, ó ń fi igi ro ilé kòkòrò sányán nínú rẹ̀, èéfín ń bo ojú rẹ̀, ó ń ṣí i. Nígbà tó gbé ojú sókè, eérú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìbòrí rẹ̀ sì ti yọ̀ sẹ́yìn. Kí n má purọ́ fún yín, Mọ́nsúrù gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ wá.

"Bàbá mi kì í ṣe wèrè," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà bá a sọ.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojú yín ń sọ ọ́. Ẹ káàsán."

Ọmọ Ṣakí ni Mọ́nsúrù, ó ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí purotéènì. Ó gbọ́ pé agbolé kan ṣì kù ní Ìsẹ́yìn tó ń kó ilé kòkòrò sányán láti inú igbó, tó ń sè é, tó ń fi ran òwú, ìdí nìyẹn tó fi gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ Àmúdà. Àmúdà ni bàbá tó ń hun afẹ́fẹ́ yẹn. Àwáwù ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìyá ọmọ náà sì ti kú.

Àwáwù bi í léèrè ohun tí odidi ọkùnrin onírùngbọ̀n fẹ́ fi ilé kòkòrò ṣe. Mọ́nsúrù lóṣòó tì í, ó ṣàlàyé. Ó ní òwú sányán, irun orí àti ẹran ara wa, purotéènì ni gbogbo wọn. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí ni purotéènì, kì í sì í nà gbọọrọ, fúnra rẹ̀ ló ń ká ara rẹ̀. Bó bá ṣe ká ara rẹ̀ ló ń pinnu iṣẹ́ tí yóò lè ṣe. Èyí tó bá ká dáadáa yóò rí ẹnìkejì tó bá a mu, yóò sì dì mọ́ ọn bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò tirẹ̀.

"Tíṣà Kòkòrò," ni Àwáwù wí, "ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti rí ọmọrí tiyín?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a ni."

"Kò sí nínú ìkòkò yìí o. Omi eérú ni, yóò bó yín lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kì í kọjá kí Mọ́nsúrù má wá. Ilé kòkòrò tó rà kún láàbù, yàrá ìwádìí rẹ̀, débi pé ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó máa purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, àwa mọ ohun tó ń rà.

Ṣùgbọ́n agbolé náà ń dẹ́rù bà á. Bí gbogbo òfì àdúgbò bá ń dún, tiwọn a dákẹ́, ọwọ́ Àmúdà nìkan ni yóò máa lọ. Ọyẹ́ a mú débi pé ètè ènìyàn a là, òógùn a sì máa ṣàn lára bàbá náà. Ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú tipẹ́, yóò ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó," yóò sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpótí kí ẹni náà lè ráyè. Lọ́jọ́ kan Mọ́nsúrù rí adìẹ kan tó ń ṣa èso àjàgbọn jẹ bọ̀; bó ti dé ibi tó ṣófo yẹn, ó yà bàrá. Mọ́nsúrù sọ fún ara rẹ̀ pé adìẹ ni, kí ni adìẹ mọ̀. Síbẹ̀ kò jókòó síbẹ̀.

Àwáwù ló sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ fún un. Bàbá òun kò tíì sun oorun gidi láti ìgbà iṣu tuntun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bí ewú bá ti ń yọ lórí wọn, oorun á kọ̀ wọ́n, wọn á gbẹ, wọn á lọ. Kòkòrò sányán a máa wọ ilé rẹ̀ lọ sùn kó tó hu ìyẹ́, agbolé yìí ni ó sì ń sè é lójú oorun. Oorun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ kòkòrò ni kòkòrò ń gbà padà. Nítorí náà ni Àwáwù ṣe máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù, tí ó ń kó o sínú agbọ̀n sídìí àjàgbọn, kí àwọn yẹn sun oorun tiwọn tán, kí wọ́n sì fò lọ.

"Ṣé ìwọ gbà á gbọ́?" ni Mọ́nsúrù bi í.

"Ṣé ẹ ní òmíràn tí mo lè gbà gbọ́?"

Òmíràn wà lọ́kàn Mọ́nsúrù, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ ọ́. Ó fẹ́ kí ó dá òun lójú ná. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jókòó ti Kàdírì, àbúrò Àmúdà, tó ń ṣe olórí agbolé láti ìgbà tí àìsàn ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bi í nípa ìran wọn. Bí Kàdírì ṣe ń sọ, Mọ́nsúrù mú igi tín-ín-rín kan, ó ń fà á sórí iyanrìn: bàbá àgbà, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ, ìlà kan fún ẹnì kan. Ẹni tí oorun pa, ó fi àgbélébùú kọjá lórí ìlà tirẹ̀. Ó ń ka òkú, ó ń ka alààyè, ọpọlọ ìwé ti gbà á pátápátá. Ó dé orí Àmúdà. Ó fa ìlà Àwáwù sísàlẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni igi náà dúró sí lókè. Kò fi àmì sí i, kò sì lè gbé ọwọ́ kúrò.

Kàdírì dìde, ó fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀ náà.

"Ta ló rán ẹ wá ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ṣé o kò ní àgbà nílé ni?"

Kò sí ọmọdé kan ní gbogbo Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ ọlọ́mọ, ká má tiẹ̀ wá sọ pé kí a kà wọ́n mọ́ òkú. Ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ìwé ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé e jáde.

Àwáwù tẹ̀ lé e dé ojú títì. Ó ti rí ibi tí igi náà dúró sí.

"Kí ló dé tó fi dúró lórí mi?"

Mọ́nsúrù lè purọ́. Kò pa á. Ó ní kì í ṣe kòkòrò. Purotéènì kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa. Nínú ìran tirẹ̀, wọ́n ń jogún irú èyí tó máa ń ká gbòdì. Èyí tó bá ti ká gbòdì yóò dì mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì mú kí ìyẹn náà ká gbòdì, títí ibi tó ń ṣètò oorun yóò fi bàjẹ́. Ọmọ ẹni tó ní i lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, ìdajì-ìdajì ni.

"Bí òwú kan bá lọ́ lórí òfì," ni Àwáwù wí, "ó máa ń fa àwọn tó kù lọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

"Òògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì sí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá ó wà lára rẹ."

Ẹ̀rù ba Àwáwù gidigidi. Síbẹ̀ ara tù ú díẹ̀, pé bàbá òun kò ṣẹ kòkòrò kankan. Ó ní òun yóò ṣe àyẹ̀wò náà. "Ṣùgbọ́n bó bá wà lára mi, ẹ máa lọ. N kò ní fẹ́ ọkùnrin kankan kó wá máa wò mí bí mo ṣe ń wo bàbá mi."

Mọ́nsúrù mú àgbà kan láti Ṣakí wá dọ̀bálẹ̀ fún Kàdírì, ó sì rí ìdáríjì. Wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ Àwáwù ní Ìbàdàn, wọ́n fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń dúró, bí Àwáwù bá jí láàárọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá òun sùn.

Nígbà tí èsì dé, òun nìkan ni dókítà pè wọlé. Ó jáde, ó tún ìbòrí rẹ̀ wé.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Kò jẹ́ kí Mọ́nsúrù bá òun wọ ọkọ̀. Mọ́nsúrù dúró ní gáréèjì bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀, ó sunkún níbẹ̀, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ìyá Mọ́nsúrù ní Ṣakí ti gbọ́ ohun tó wà lára Àwáwù, ó sì mọ̀ pé ọmọ òun ṣì fẹ́ ẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà bí, ó sì fẹ́ ọmọ ọmọ. Ó ní òun fúnra òun yóò lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ fi ọgbọ́n tú ìfẹ́ náà ká, Mọ́nsúrù kò lè dá a dúró, ó bá tẹ̀ lé e. Wọ́n dé lọ́sàn-án. Àwáwù kúnlẹ̀, ó gbé omi wá, ìyá náà ní òùngbẹ kò gbẹ òun.

Àkókò oúnjẹ Àmúdà ni. Ó ti gbẹ bí igi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ́kun, kò jẹ́ kí ṣíbí dé ẹnu rẹ̀. Àwáwù mú òwú sányán díẹ̀, ó fi í sáàárín ìka bàbá rẹ̀, òun náà di etí kejì mú. Bí ọwọ́ náà ṣe rí òwú tòótọ́ dì mú, ó dúró jẹ́jẹ́. Kíá ni Àwáwù fi ṣíbí ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu.

Àmúdà wá gbé ojú sókè. Ó wo ìyá Mọ́nsúrù. "Ẹ káàbọ̀," ló wí, "ẹ jókòó," ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mọ́nsúrù fẹ́ pariwo pé kó má jókòó síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti jókòó.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ó wà lára ìwọ náà," ni ìyá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ọmọ bíbí ńkọ́?"

"N kò ní bí i, màmá. N kò ní fi irú èyí rán ọmọ kankan wáyé."

Ìyá náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo òwú tó wà láàárín ọwọ́ bàbá àti ọmọ.

"Ohun tí ò ń ṣe fún bàbá ẹ yìí, ta ni yóò ṣe é fún ọ?"

Ìdí tí ìgbéyàwó náà kò fi gbọdọ̀ wáyé ló rò pé òun ń sọ. Omi kún ojú Àwáwù. Mọ́nsúrù lóṣòó, ó gba etí òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sínú àjàgbọn, ó dá. Lẹ́yìn náà ìyá náà nu ojú, ó ní kí Àwáwù bu omi wá. Ẹni tó bá wá kọ ènìyàn kì í mu omi ilé rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ó mu omi náà tán. Láti ọjọ́ náà, Àwáwù kò tún ní kí Mọ́nsúrù máa lọ mọ́.

Àmúdà kú kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, lábẹ́ igi náà, nínú oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró ni. Àwáwù pa ojú rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ sùn, bàbá mi. Ẹ sùn wàyí." Nínú agbọ̀n tó wà nídìí igi, àwọn kòkòrò tó ti hu ìyẹ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bà sára aṣọ òkú. Kàdírì búra pé òun gbọ́ tí òfì Àmúdà ń dún nínú yàrá tí wọ́n tì pa, tó sì dákẹ́. Mọ́nsúrù náà gbọ́ ọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí.

"Bí mo bá sùn," ni Àwáwù wí, "ẹ má jí mi o."

"Èmi ni n ó jí ọ? Sùn, Àwáwù mi. Ewú kò tíì yọ lórí wa."

Kí wọ́n tó dé Ìpàpó, ó ti sùn sí èjìká rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Tẹ̀dé, Mọ́nsúrù rí i tí ìka rẹ̀ ń mì lórí ẹsẹ̀. Ọ̀tún jù, òsì gbà. Ọ̀tún jù, òsì gbà. Àyà Mọ́nsúrù já. Ó rọra ki ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ náà. Àwọn ìka náà dì í mú, wọ́n sì dúró.

Àwáwù ṣì ń sùn, ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Apá Mọ́nsúrù kú tipiri kí wọ́n tó dé Ṣakí, kò sì yọ ọ́.